Igba Àwòdì àti Èènì Rẹ̀

Èmi ni mo fa ìjà náà, mi ò ní purọ́. Ọjọ́ Àìkú kan ni, lẹ́yìn ìsìn. Mo jókòó sẹ́yìnkùlé bàbá mi ní Òdígbó, mò ń wo fídíò kan lórí fóònù, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Àwọn òyìnbó kan ló gun orí òkè lọ, wọ́n wọ kóòtù nípọnnípọn, wọ́n ń ka ẹyẹ. Ẹyẹ o! Àwòdì tó ń ṣí láti ilẹ̀ kan lọ sí ilẹ̀ mìíràn ni wọ́n jókòó tì láti àárọ̀ títí oòrùn fi wọ̀, tí wọ́n ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, tí wọ́n ń kọ ọ́ sínú ìwé. Mo ní, "Bàbá, ẹ wá gbọ́ iṣẹ́ tí àwọn kan ń ṣe láyé." Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn, torí Bàbá kì í rí ohun tó bá wà lójú fóònù mọ́.

Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n mi orí. "Kí ló wá jẹ́ tuntun níbẹ̀? Ṣebí orí òkè àdúrà wa lọ́hùn-ún ni àwòdì ń gbà kọjá lọ́dọọdún. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, tí oòrùn sì ràn lé e, Òkè Ọya ni gbogbo wọn ń dorí kọ. Lọ́jọ́ kan ṣoṣo, wọ́n máa ń lé ní ẹgbẹ̀rún."

"Ẹgbẹ̀rún kẹ̀? Bàbá, ẹ rọra o."

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ nìyẹn. Àbúrò Bàbá obìnrin wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti agbọ̀n obì wọn, wọ́n ń bó èèpo funfun ara rẹ̀. Ìyá Olóbì ni gbogbo wa ń pè wọ́n, torí láti ìgbà ọmọge wọn ni wọ́n ti ń ra obì lóko Òdígbó àti Aráròmí-Obù, tí wọ́n ń tà á ní Orè fún àwọn Hausa tó ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kó o lọ sókè. Ọwọ́ wọn kì í sinmi, ẹnu wọn náà kì í sinmi. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, obì bọ́ lọ́wọ́ wọn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ogójì ọdún lẹ ti ń sọ ọ̀rọ̀ àwòdì yìí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Àbí wọ́n ti ń bímọ ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n bọ́ sí ojúlówó Ìkálẹ̀ ẹnu wọn, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe bí inú bá ń bí wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ sí àbúrò wọn, wọ́n sọ̀rọ̀ sí èmi náà, wọ́n wá nàka sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. Àga òfìfo ni wọ́n nàka sí. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ ojú yìí kí ó lè yé yín. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan funfun kan ti ń bo ẹyinjú Bàbá méjèèjì, díẹ̀díẹ̀. Mo ti mú wọn lọ rí dókítà olójú ní Oǹdó lẹ́ẹ̀kan. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, àwọn á yọ nǹkan funfun náà, àwọn á fi awẹ́ jígí tuntun rọ́pò rẹ̀, Bàbá á sì ríran. Ó ní àmọ́ kí a má jẹ́ kó pẹ́ jù, kó má di pé apá ò ká a mọ́. Bàbá ní àwọn ti gbọ́. Láti ọjọ́ náà, gbígbọ́ lásán ni. Aládùúrà ni wọ́n, omi àdúrà ni wọ́n ń bù sójú ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ò bá àdúrà jà, inú sùtánà ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà. Ṣùgbọ́n alàgbà ìjọ wa fúnra rẹ̀ ti lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú, ó sì ti padà sórí pẹpẹ! Mo ti bẹ Bàbá, mo ti sunkún, mo ti bínú lọ fún oṣù kan gbáko, wọn ò lọ. Kí n má tàn yín, ẹ̀rù ló ń ba Bàbá. Ẹni tó fi àdá lé ejò lábẹ́ kòkó, abẹ kékeré ń bà á lẹ́rù.

Nítorí náà, nígbà tí Bàbá la ohùn báyìí pé, "Ó dáa! Ẹ jẹ́ ká lọ kà á!" mo gbé fóònù mi sílẹ̀. Wọ́n ní, "Bí àwòdì bá pé ẹgbẹ̀rún lọ́jọ́ kan lórí òkè yẹn, ìwọ ọmọ yìí, o ò gbọdọ̀ dárúkọ dókítà létí mi mọ́ títí láé. Bí wọn ò bá pé, ọjọ́ tó o bá ní ká lọ ni màá lọ."

"Àmín!" ni mo fi dá wọn lóhùn. Ìyá Olóbì náà ṣe "Àmín," wọ́n ní àwọn ni ẹlẹ́rìí. Mo ń yọ̀ nínú mi bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. Níbo ni ẹgbẹ̀rún àwòdì ti fẹ́ wá?

Orè ni mò ń gbé, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín mi, mo gbìyànjú láti múra bí olùkọ́ ìṣirò. Ẹnu ni mo fẹ́ fi kà á tẹ́lẹ̀. Mo bọ́ síta, mo ń ka ọ̀kadà tó ń kọjá láti fi dánra wò, ṣùgbọ́n kí n tó pe "mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n" tán, ọ̀kadà mẹ́rin ti lọ. Ẹni tó dá òǹkà Yorùbá sílẹ̀ kò kánjú rárá. Ni mo bá lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà nítòsí gáréèjì, mo ra ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kì bọ ìka, tí àwọn Mùsùlùmí fi ń ka tẹ̀súbáà. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó fi kan kún un. Bọ́tìnnì kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mi ò béèrè ohun tó wà fún.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, òjò gidi, tó kó gbogbo eruku ilẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, fóònù mi dún. Bàbá ni. Wọn ò kí mi. "Wọ́n ń bọ̀ lọ́la," ni wọ́n wí, wọ́n sì pa fóònù.

Ọ̀kadà méjì la gùn láti Òdígbó, Bàbá nínú sùtánà funfun wọn lórí ọ̀kan, èmi àti Ìyá Olóbì lórí èkejì. A gba àárín oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ilẹ̀ ń rùn bí ilẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mumi yó. Òkè àdúrà náà kò ga púpọ̀, àpáta gbọọrọ kan ni tó yọrí láàárín igbó, àgbélébùú onísìmẹ́ńtì wà lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n bí o bá dé góńgó rẹ̀, o ó rí ibi tí sánmọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí. A kì í wọ bàtà gòkè níbẹ̀, ilẹ̀ mímọ́ ni. A bọ́ bàtà sí ìsàlẹ̀. Mo di Bàbá lọ́wọ́ mú, wọ́n ní kí n fi àwọn sílẹ̀, pé ẹsẹ̀ àwọn mọ ọ̀nà. Lóòótọ́ ló mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo kọsẹ̀.

Nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, àpáta gbóná débi pé Ìyá Olóbì ń gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. "Ẹ̀gbọ́n mi, bí àwòdì yín ò bá tètè dé, ẹsẹ̀ mi á jiná o!" Wọ́n tú obì lára aṣọ, wọ́n gé ìdá kan jẹ, wọ́n wá ṣa òkúta wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Mo rò pé eré ni wọ́n fi ń ṣe. Mo wo sánmọ̀ títí ọrùn fi ń ro mí. Ó mọ́ roro, kò sí nǹkan kan. Inú mi ń dùn. Mo ti ń ro ohun tí màá dì sínú báàgì ọsibítù Bàbá.

Ìgbà náà ni mo rí i. Ó kéré bí èérún, lókè téńté, ní ìhà gúúsù. Mo ní, "Ọ̀kan rèé." Mo tẹ ẹ̀rọ mi. Òmíràn yọ lẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni mẹ́fà tún yọ, mẹ́wàá, ogún, wọ́n ń bọ̀ láti orí igbó, wọn ò fìyẹ́ rárá, wọ́n kàn tẹ́ apá sílẹ̀ gbalaja ni. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ooru àpáta wa ti ń gòkè, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, wọ́n ń yí, wọ́n ń lọ sókè, bí gàrí tí wọ́n ń rò nínú agbada. Orí wa gan-an ni wọ́n ń yí lé! Mo rí ìrù wọn tó là sí méjì, mo rí ẹnu wọn pupa rúsúrúsú, mo rí bí ọ̀kan ṣe tẹ orí wò wá. Nígbà tí àwọn ti òkè pátápátá bá ga tó, wọ́n á já kúrò nínú ìyípo náà, wọ́n á tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n á sì yọ̀ lọ sí ìhà àríwá fẹẹ.

Yéè! Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àádọ́ta ọdún ku díẹ̀ ni mo ti ń gbé abẹ́ sánmọ̀ yìí, mi ò gbójú sókè rí! Mo ń pariwo, mo ń tẹ ẹ̀rọ, mo ń fò lórí àpáta gbígbóná. "Wọ́n ń bọ̀! Wọ́n tún ń bọ̀! Ẹ wò wọ́n lápá òsì! Wọ́n ti dé o!"

Ẹ̀yìn àgbélébùú ni àwọn obìnrin ìjọ mẹ́ta kan wà, wọ́n ń gbàdúrà láti àárọ̀, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n wà níbẹ̀. Wọ́n gbọ́ ohùn èmi obìnrin lórí òkè mímọ́ tó ń ké pé wọ́n ti dé. Kí ni ẹ rò pé wọ́n ṣe? Wọ́n dojú bolẹ̀! "Halelúyà! Mímọ́! Mímọ́! Àwọn ogun ọ̀run ti dé!" Ariwo náà bá mi lójijì, mo ta gìrì, àtàǹpàkò mi sì tẹ bọ́tìnnì kejì.

Mo wo ẹ̀rọ. Òdo.

Ọ̀kan lára àwọn obìnrin náà fà súnmọ́ mi lórí ìkúnlẹ̀. "Arábìnrin, kí lẹ rí?"

"Àwòdì ni, mà."

"Àwòdì?"

"Ẹyẹ àwòdì. Mo ti ka ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá, ẹ sì ti jẹ́ kí n pa á rẹ́!"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Obìnrin náà gbójú sókè kó tó bá mi jà, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀. Ó pe àwọn yòókù. Kí n tó ṣẹ́jú, àwọn náà ti ń pariwo, wọ́n ń nàka, ọ̀kan ní òun ò mọ̀ pé Ọlọ́run ní àwòdì tó báyìí. Ìyá Olóbì ń fi mí rẹ́rìn-ín. "Olùkọ́ ìṣirò, fara balẹ̀ jàre. Ṣé o rò pé mo wá lásán ni? Mo ti ń kà á láti orí ìkíní."

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń kà á ni pé wọ́n á na ọwọ́ ọ̀tún sókè, wọ́n á fi ìka márààrún gbá ẹyẹ márùn-ún mọ́ra, wọ́n á sì pa ọwọ́ dé bí ẹni gbá obì nínú agbọ̀n. Ọwọ́ kan. Ọwọ́ méjì. Ogójì ọwọ́ jẹ́ igba, wọ́n á ju òkúta kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yá ju ìka mi lọ! Ẹnu wọn ń mì wùyẹ̀wùyẹ̀, ojú wọn ò kúrò lókè. Òkúta kan àti ogún ọwọ́ ni wọ́n ní nígbà náà, èyí tó jẹ́ ọ̀ọ́dúnrún géérégé. Tèmi fi mọ́kànlá ju tiwọn lọ. Mo ní kò burú, ayọ̀ ló jẹ́ kí ìka mi máa tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀jù. Mo bọ́ ẹ̀rọ sínú báàgì, mo fi òǹkà sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín, èmi wá di alásọyé.

"Àwọn mìíràn tún ti yọ, Ìyá Olóbì! Lókè ọ̀pẹ yẹn!"

"Mo ti rí wọn. Ọwọ́ mẹ́tàlélógún. Òkè Ọya ni gbogbo yín ń lọ, ẹ bá mi kí àwọn oníbàárà mi o!"

Bàbá dúró láàárín wa, wọ́n gbójú sókè, wọ́n fi ọwọ́ bo iwájú orí, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. "Ṣé mo wí àbí mi ò wí?" ni wọ́n ń tẹnu mọ́. Wọ́n na ọwọ́ jáde sí apá ibì kan, wọ́n ní, "Ẹ wò wọ́n, ẹ wo àwọn ọmọ mi." Kò sí ẹyẹ kankan ní apá ibẹ̀. Mo rò pé ọ̀nà Òkè Ọya ni wọ́n ń fi hàn wá.

Nǹkan kan ṣe mí lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ojú sì ń tì mí láti sọ ọ́. Òkúta pé méjì, ó pé mẹ́ta, mo sì gbàgbé ìdí tí mo fi wá. Mo ń bẹ àwọn ẹyẹ náà! "Ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀, ó ku díẹ̀!" Mo fẹ́ kí wọ́n pé ẹgbẹ̀rún bí mo ṣe ń fẹ́ nǹkan ní kékeré, pẹ̀lú gbogbo ara. Ìgbà tí òkúta kẹrin bọ́ sílẹ̀ ni ọkàn mi ṣẹ̀ṣẹ̀ padà. Ojú Bàbá ńkọ́? Ẹ̀yin ẹyẹ wọ̀nyí, ṣé ẹ fẹ́ fọ́ bàbá mi lójú ni? Mo di ẹnu mi mú. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan, ọ̀wọ́ mìíràn yọ, mo tún pariwo. Ẹ ò rí i pé orí mi ò pé.

Ní ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu bo oòrùn, àpáta tutù, àwòdì sì dáwọ́ dúró bí ẹni pa omi ẹ̀rọ. A dúró. Àwọn obìnrin ìjọ náà dúró tì wá, ọ̀kan ń gbàdúrà kí Ọlọ́run rán ọ̀wọ́ kan péré sí i. Sánmọ̀ dá wáí. Ìyá Olóbì kó òkúta wọn jọ. "Òkúta mẹ́rin, ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n."

Mo ṣírò rẹ̀. Igba mẹ́rin, ẹgbẹ̀rin. Ọwọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, àádọ́sàn-án. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kí n tó la ẹnu. "Ẹgbẹ̀rún dín ọgbọ̀n."

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wá òkúta náà kàn, wọ́n kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Òkúta mẹ́rin. Ìwọ lo sì kà á?" ni wọ́n bi àbúrò wọn.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú."

Bàbá rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. "Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ jàre. Ẹ mú mi lọ sọ́dọ̀ dókítà yín." Mo dì mọ́ wọn níbẹ̀, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń sunkún, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé bàtà mi sísàlẹ̀ òkè, ẹsẹ̀ lásán ni mo fi gun ọ̀kadà padà.

Wọ́n fún wa ní ọjọ́ ní ọsibítù. Ìjọ gbàdúrà fún Bàbá, alàgbà tó ti ṣe tiẹ̀ rí wá sílé wá sọ fún wọn pé kò dun èèyàn. Ó ku ọjọ́ méjì tí a ó lọ, mo yà sí ìsọ̀ Ìyá Olóbì ní Orè lẹ́yìn iṣẹ́. Wọ́n ń ka obì fún oníbàárà kan. Mo dúró, mo ń wo ọwọ́ wọn tó ń gbá obì márùn-ún márùn-ún, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ń rántí àpáta. Ọwọ́ ogójì pé. Wọn ò tíì ju àmì sílẹ̀. Wọ́n tún gbá ọwọ́ kan, wọ́n ní, "Èènì." Wọ́n gbá ìkejì, "Èènì." Ìgbà yẹn ni wọ́n wá ju àmì igba sílẹ̀, tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ láti oókan.

Mo ní, "Ìyá Olóbì, kí ni méjì yẹn?"

"Èènì ni. O ò mọ èènì ni?"

"Ẹ ò kà á mọ́ igba?"

"Ta ní ń ka èènì? Ahun ló ń ka èènì!" Wọ́n ń bá iṣẹ́ wọn lọ.

"Lórí òkè ńkọ́? Ẹ ṣe èènì fún àwòdì?"

Wọ́n dúró, wọ́n wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Bóyá mo ṣe é o. Ọwọ́ yìí kì í gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́." Ni wọ́n bá kọjú sí oníbàárà wọn.

Mẹ́wàá nínú òkúta kọ̀ọ̀kan. Òkúta mẹ́rin, ogójì. Ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́wàá! Mo rántí mọ́kànlá mi. Ìka mi ò ṣe àtẹ̀jù, ẹyọ kan péré ló fi ṣìnà. Bàbá ló jàre. Gbogbo ogójì ọdún tí a ti ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, èmi olùkọ́ ìṣirò sì ti fi ìṣirò jẹ wọ́n níyà.

Ṣé kí n sọ ọ́? Bí mo bá sọ ọ́, Bàbá ò ní lọ, ẹ̀jẹ́ ni, wọn kì í sì í yẹ ẹ̀jẹ́. Bí mi ò bá sọ ọ́, olè ni mí. Èmi tí mo máa ń fún ọmọ ní òdo bó bá wo ìwé ẹlòmíràn! Mo gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì gbé e sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí a ó lọ ọsibítù, nígbà tí mo bá Bàbá lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú sùtánà tí wọ́n ti fọ̀ tó ń dán, tí wọ́n ti gé èékánná, tí báàgì wọn wà lẹ́sẹ̀ wọn, mo kàn gbé báàgì ni.

Ojú kan ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ní ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì yọ báńdéèjì. Bàbá ṣẹ́jú, omi ń dà lójú wọn. Wọ́n wo ògiri, wọ́n wo nọ́ọ̀sì, wọ́n wá kọjú sí mi, wọ́n wò mí pẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni wọ́n wí, "o ti hewú!"

Mo rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ẹkún náà sì tú àṣírí mi. Nọ́ọ̀sì jáde tán ni mo kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Àwọn àwòdì yẹn pé. Wọ́n tilẹ̀ fi mẹ́wàá lé. Èènì ni Ìyá Olóbì ò kà."

"Mo mọ̀."

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Kí wọ́n tó bí ọ ni mo ti ń kó obì oko mi fún àbúrò mi. Igba rẹ̀ ò jẹ́ igba rí. Bó ṣe ní òkúta mẹ́rin, mo ti ṣírò rẹ̀ tán lórí kí ìwọ tó la ẹnu."

"Ẹ̀yin lẹ jàre nígbà náà! Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀?"

Bàbá ń wo ọwọ́ ara wọn, wọ́n ń yí i síwá sẹ́yìn. "Ẹ pariwo lọ́jọ́ náà," ni wọ́n wí. "Ìwọ ń pariwo, àbúrò mi ń pariwo, àwọn tó wá gbàdúrà náà ń pariwo. Gbogbo yín ń rí ẹyẹ mi. Mo gbójú sókè, mo wò títí. Funfun ni mo rí. Mi ò rí ẹyọ kan."

Wọ́n fi ọwọ́ kàn mí lórí, níbi tí ewú wà gan-an. "Ara mi ti fẹ́ wá tipẹ́, ẹnu mi ni kò jẹ́. Àwòdì tó ń re Ìbarà, ẹ̀fúùfù ta á nídìí pẹ́ẹ́, ó ní iṣẹ́ kúkú yá. Dìde nílẹ̀."

Wọ́n ti ṣe ojú kejì báyìí. Lọ́dún yìí, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní Ọjọ́rú, mo sì wá sùn ní Òdígbó kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta má mọ́ bá mi ní Orè. Ìyá Olóbì ti ṣa òkúta tiwọn láti ilé. Bàbá ní kí wọ́n gbàgbé òkúta, kí wọ́n sì fi èènì sílé, àwọn fúnra àwọn ló máa kà á. Inú àríyànjiyàn yẹn la wà níwájú ilé, a ń dúró de ọlọ́kadà, nígbà tí Bàbá dákẹ́ lójijì, tí wọ́n sì nàka sókè.

"Oókan!"

Mo gbójú sókè, mo wá a títí kí n tó rí i.